Ìtọ́jú Àǹtí Fẹ̀yìntọlá

Nígbà tí Títílọpẹ́ mọ̀ pé òun ti lóyún, Ọlábọ̀dé tó fún un lóyún ló kọ́kọ́ sọ fún. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Ọlábọ̀dé, ó ń bá àwọn tó ń kọ́lé ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láti ìgbà tí wọ́n ti mọra. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń fi ìka ha ara tábìlì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun mọ ẹnìkan tó lè bá àwọn yọ ọ́ láìsí ariwo. Títílọpẹ́ ní òun ò ṣe é. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan nílé ìwé ṣe irú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n sin ín. Ọlábọ̀dé ní kò burú, kó jẹ́ kí òun lọ bá àwọn èèyàn òun sọ̀rọ̀ nílé. Ó lọ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, nígbà tí Títílọpẹ́ sì dé yàrá tó ń gbé lẹ́bàá Ọjà Ọba, ẹlòmíràn ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò pa á. Ọkùnrin tó sá nítorí oyún kì í ṣe ohun tí etí kò gbọ́ rí. Ohun tó dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn kò tíì dé nígbà yẹn, ẹni tí yóò sì ṣe é kì í ṣe Ọlábọ̀dé.

Títílọpẹ́ ti parí ìwé rẹ̀, ó ń retí ìgbà tí wọn yóò pè é lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Kó má baà jókòó lásán, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé aládàáni kan. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà Akínyẹmí, ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé nílé ara rẹ̀ ní Yábà nílùú Oǹdó, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá Tíṣà dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń dà bí òjò lórí páànù létí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ a máa lọ bá a nílé.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fẹ̀yìntọlá, àbúrò ìyá rẹ̀, ni Títílọpẹ́ ń gbé ní Ijapo. Opó ni Àǹtí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Alágbàká, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sókè òkun. Lẹ́yìn tí ìyá Títílọpẹ́ kú, òun ló kó ìwé àti aṣọ ọmọ náà wá sí Àkúrẹ́, òun ló ń dì í nírun, òun ló ń jókòó tì í bí ibà bá mú un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ sí ní ilé ìdáná, níbi tí Àǹtí ti ń ṣa ẹ̀wà, tó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Ó ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Àǹtí kò bínú. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó sì jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

"Dìde nílẹ̀, Títí," ló sọ. "Oyún kì í ṣe ikú. Fi bàbá rẹ sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo mọ bí mo ṣe máa bá a sọ ọ́."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Àǹtí wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Títílọpẹ́ kò lè jẹun. Nígbà tí Àǹtí padà dé ní ìrọ̀lẹ́, kò bọ́ bàtà kó tó jókòó, ó sì ń mirí. Ó ní Tíṣà kò pariwo. Ó ní ó kàn sọ pé òun kò bí ọmọ tí yóò gbé oyún tí kò ní baba wọ ilé òun, pé kí ó má tẹ Oǹdó títí òun yóò fi kú. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀rù sì ba òun pé àìsàn yẹn tún fẹ́ gbé e ṣubú.

"Má lọ o," ni Àǹtí wí. "Bí o bá yọ sí i pẹ̀lú ikùn yìí, tí nǹkan bá ṣe é, ìwọ ni gbogbo Oǹdó máa nàka sí. Jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́. Èmi ni bàbá àti ìyá rẹ báyìí."

Títílọpẹ́ gbà. Kí ni ì bá tún ṣe? Ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí ikùn rẹ̀ tó hàn. Àǹtí gba síìmù rẹ̀, ó ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọ̀rẹ́ má baà máa fi ìbéèrè dà á láàmú, ó sì ra tuntun fún un. Nọ́ńbà Àǹtí nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Àǹtí kò tọ́jú rẹ̀. Bí èébì bá gbé e láàárọ̀, Àǹtí ni yóò di orí rẹ̀ mú. Kó tó lọ síbi iṣẹ́, yóò ti bó ọsàn sílẹ̀ fún un, yóò ti se ẹ̀kọ, yóò ti fi ẹja sínú ọbẹ̀. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, yóò gbé ẹsẹ̀ Títílọpẹ́ lé itan, yóò sì máa fi àdí àgbọn wọ́ ọ. Ó máa ń kọrin bó ṣe ń ṣe é, orin tí òun àti ìyá Títílọpẹ́ jọ máa ń kọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Àwọn ìgbà kan wà tí Títílọpẹ́ á dibọ́n bí ẹni tó ti sùn, kí ọwọ́ yẹn má baà kúrò lẹ́sẹ̀ òun.

Ìta-Ògbólú ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú oyún, ní ilé ìlera kékeré kan. Àǹtí ní Àkúrẹ́ ti kún fún ojú tó mọ àwọn. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí i níbẹ̀ ń jẹ́ Mary, ọmọ Òkìtìpupa, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, tó sì máa ń wo èèyàn lójú. Bí Nọ́ọ̀sì Mary bá bi Títílọpẹ́ ní ohunkóhun, Àǹtí ló máa ń dáhùn. Bóyá ó ń sùn dáadáa, Àǹtí dáhùn. Ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò bí, Àǹtí dáhùn. Lọ́jọ́ kan tí Àǹtí jáde lọ gbé ìpè, Nọ́ọ̀sì Mary gbé ọwọ́ kúrò lórí ikùn rẹ̀, ó sì sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó fẹ́ sọ láìsí àǹtí rẹ̀ níbẹ̀, ó mọ ibi tí òun wà. Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ohun tí òun ń fi pa mọ́ fún Àǹtí òun.

Nígbà tí oyún ti ń ga, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wọn lemọ́lemọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Ìyáàfin Modúpẹ́ Adébùsóyè, ọ̀rẹ́ Àǹtí láti kékeré. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé nílé ńlá kan tí kò jìnnà sí tiwọn. Títílọpẹ́ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé nígbà tí ọkọ Àǹtí kú, tí àwọn ẹbí ọkọ ti ilé mọ́ ọn, ilé obìnrin yìí ni Àǹtí àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ, òun àti ọkọ rẹ̀ ló sì bá a rìn títí ó fi padà rẹ́sẹ̀ dúró. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé Ọlọ́run kò tíì fún wọn lọ́mọ, ọjọ́ orí wọn sì ti lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń mú aṣọ ọmọ tuntun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun wá, á gbé ọwọ́ lé ikùn Títílọpẹ́, á gbàdúrà, á sì lọ. Títílọpẹ́ dúpẹ́ pé nínú gbogbo ayé tó kọ òun, a tún rí ìyá kejì tó fẹ́ràn òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Àǹtí wà níbi iṣẹ́, Ìyáàfin Adébùsóyè nìkan wá. Kò jókòó. Ó wo Títílọpẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, omi lé sí i lójú, kí Títílọpẹ́ sì tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, orúnkún méjèèjì, àgbàlagbà tó lè bí i. Ara Títílọpẹ́ bù máṣọ. Òun náà di apá àga mú, ó sì rọra kúnlẹ̀, nítorí ta ni yóò dúró kí ìyá máa kúnlẹ̀ fún un? Àwọn méjèèjì wá wà lórí ìkúnlẹ̀, ikùn ńlá wà láàárín wọn.

"Jẹ́ kí n dúpẹ́," ni Ìyáàfin Adébùsóyè wí. "Fẹ̀yìntọlá ní kí n má tíì bá ọ sọ ọ́, pé ojú ń tì ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ ti súnmọ́, mi ò sì lè gba irú ẹ̀bùn báyìí kí n máa wò bí aláìmoore."

"Ẹ̀bùn wo, mà?"

"Ọmọ yìí."

Títílọpẹ́ kò gbọ́ ara rẹ̀ nígbà tó ní kò yé òun. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, bó sì ṣe ń ṣàlàyé ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, nítorí òun náà ti ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní Fẹ̀yìntọlá sọ fún òun àti ọkọ òun pé Títílọpẹ́ fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé òun kò fẹ́ tọ́ ọmọ náà, pé kí a bá òun wá ilé rere fún un ní bòókẹ́lẹ́. Ó ní ó sọ pé ohun kan ṣoṣo tí Títílọpẹ́ tọrọ ni kí bàbá òun má gbọ́ láéláé.

"Bàbá mi ti gbọ́, mà," ni Títílọpẹ́ wí. "Àǹtí ti lọ sọ fún wọn. Wọ́n ti lé mi."

Ìyáàfin Adébùsóyè mirí. "Bàbá rẹ rò pé o wà ní Sókótó, pé wọ́n ti pè ọ́ fún àgùnbánirọ̀. Fẹ̀yìntọlá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwa jọ wà nílé bàbá rẹ lóṣù tó kọjá, èmi ni mo wà á lọ. Ó ní kí a kí ọ."

Ó ní kí a kí ọ. Títílọpẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mú. Láti oṣù wo ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí bàbá òun dárí ji òun! Ó ti sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó dá, ó sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé bàbá òun le ju òkúta lọ, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà jókòó ní Oǹdó, ó ń fi ìkíni rán èèyàn sí i.

Ó ti yé Ìyáàfin Adébùsóyè pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun náà. Ó dìde, ó ran Títílọpẹ́ lọ́wọ́ kó lè jókòó, kò sì mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí mọ́. Ó ní Ọlọ́run lẹ́rìí òun pé òun kò mọ̀. Ó jáde, kò sì lè ti ilẹ̀kùn tán lẹ́yìn ara rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí dé láti Alágbàká, Títílọpẹ́ ṣì wà lórí àga yẹn. Ó ní Ìyáàfin Adébùsóyè wá dúpẹ́ ọmọ. Bí Àǹtí bá ti pariwo pé irọ́ ni, bóyá Títílọpẹ́ á ti wá bí yóò ṣe gbà á gbọ́, nítorí ọkàn ẹni tó fẹ́ràn èèyàn a máa wá ibi tó máa sá sí. Ṣùgbọ́n Àǹtí kò jiyàn. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀.

"Mo ní kó ní sùúrù," ló kàn sọ.

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní òun kò ta ọmọ, kọ́bọ̀ kan kò wọ ọwọ́ òun. Ó ní Modúpẹ́ ló gbé òun dìde nígbà tí gbogbo ayé ju òun sílẹ̀, ojoojúmọ́ ni òun sì ń wo bí àìrọ́mọbí ṣe ń jẹ ẹ́ lára. Ó ní Títílọpẹ́ kò ní ọkọ, kò tíì ní iṣẹ́. Ọmọ á rí ilé rere, òun Títílọpẹ́ á lọ sin ìlú rẹ̀, Tíṣà á wà láàyè, kò sì sí ẹni tí ojú máa tì. Ta ni òun wá ṣẹ̀?

"Ẹ ò bi mí, Àǹtí."

"Bí mo bá bi ọ́, o lè ní rárá."

Títílọpẹ́ wo ọwọ́ Àǹtí, ọwọ́ tó ń wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ti máa ń gbọ́ òwe náà, kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń ta nìyẹn.

Ó bi í léèrè ìbéèrè kan péré sí i: lọ́jọ́ tí òun bá bímọ tán, tí òun sì ní kí wọ́n gbé ọmọ òun fún òun, kí ni Àǹtí fẹ́ sọ? Àǹtí gbé ojú kúrò. Ìgbà yẹn ni Títílọpẹ́ rántí pé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Àǹtí ti ń sọ ìtàn àwọn ọlọ́mọ àkọ́bí fún un, àwọn tí ọmọ wọn kò ké nígbà tó wáyé, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má wo ojú òkú ọmọ. Ó ti rò pé ìkìlọ̀ ìyá àgbà lásán ni. Ó yé e wàyí pé wọn ì bá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kú, ì bá sì gbà á gbọ́, ì bá sì tún gbé orí lé àyà Àǹtí yìí kan náà láti sunkún.

Ilẹ̀ mọ́, Àǹtí lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yóò tutù. Títílọpẹ́ kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìta-Ògbólú. Nọ́ọ̀sì Mary rí i tó ń bọ̀ lóun nìkan, kò bi í ní nǹkan kan, ó mú un wọ yàrá inú, ó fún un ní omi, ó wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wo ọmọ inú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ara dá, ó ní kó wá sọ ọ́. Títílọpẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nọ́ọ̀sì Mary kò bú Àǹtí, kò sì ní kó dárí jì í. Ó ní àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí wà, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹ́lífíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, ní Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Obìnrin tí wọ́n bá níbẹ̀ ń jẹ́ Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí Títílọpẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ èyí dáadáa: kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò, kò sí ọ̀rẹ́ ẹbí tó lè fi ọmọ rẹ̀ tọrẹ. Bó bá fẹ́ tọ́ ọmọ rẹ̀, àwọn yóò bá a wá àwọn tí yóò dúró tì í, wọn yóò sì wá Ọlábọ̀dé rí, nítorí obìnrin kì í nìkan lóyún. Bí kò bá ríbi gbé, ilé kan wà tó lè wà títí yóò fi bí, tí ara rẹ̀ yóò sì mókun. Bó bá sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ rò ó, tó rí i pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló fẹ́ kí ọmọ náà dàgbà sí, ọ̀nà tó tọ́ wà fún ìyẹn pẹ̀lú, iwájú adájọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í sì í fi ìkánjú gbà á lẹ́nu obìnrin tí kò tíì rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó ní àwọn tó yan ọ̀nà yẹn kì í ṣe ìyá burúkú.

"Èyíkéyìí tí o bá mú," ni Nọ́ọ̀sì Mary fi kún un, "ẹnu ara rẹ ni kó ti jáde."

Kò sí ẹni tó ti bi Títílọpẹ́ ní ohun tó fẹ́ láti ìgbà tó ti lóyún. Ohun tó sọ ni pé òun fẹ́ rí bàbá òun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun kí òun má pa á. Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí ní òun yóò bá a lọ.

Wọ́n dé Oǹdó lọ́jọ́ kejì. Tíṣà wà níwájú ilé, ó ń yí kòkó tó sá sórí ẹní. Títílọpẹ́ dúró lẹ́yìn ògiri ẹnu ọ̀nà, Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí sì kọ́kọ́ wọlé, ó mú bàbá náà lọ sí pálọ̀ kó lè rọra fọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè rọra bá ẹni tí kò gbọ́ràn sọ̀rọ̀? Ohùn obìnrin náà ń gòkè ni. "Mo ní Títílọpẹ́! Kò sí ní Sókótó! Ó ti lóyún, sà! Wọ́n purọ́ fún yín!" Títílọpẹ́ dúró nínú oòrùn, ó ń gbọ́ ayé ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ jáde láti ojú fèrèsé, obìnrin tó ń fọ aṣọ ní ilé kejì sì ti gbé ọwọ́ kúrò nínú omi.

Tíṣà jáde. Kò ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó wo ikùn ọmọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Mo dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì," ló sọ, "mo dúpẹ́ fún Sókótó."

Ó wọlé padà. Kò lé e, kò pè é. Títílọpẹ́ sùn ní yàrá tí ìyá rẹ̀ lò nígbà ayé rẹ̀. Láàárọ̀, bàbá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì sọ̀rọ̀ sókè bí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ ṣe máa ń ṣe.

"Inú ń bí mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí o bá ti wá sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá pariwo, gbogbo àdúgbò ì bá gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún Fẹ̀yìntọlá pé ìbínú mi ju ọmọ mi lọ? Ìwọ náà, Títí. Wọ́n ní mo sọ pé kí o má wá títí màá fi kú, o sì gbà pé èmi ni."

Àǹtí ti purọ́ mọ́ bàbá rẹ̀, Títílọpẹ́ ló sì gba irọ́ náà gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́ fún ìyẹn ju bó ṣe bẹ̀ ẹ́ fún oyún lọ. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó já geere láàárín àwọn méjèèjì. Bí Títílọpẹ́ bá sọ nǹkan fún un, bàbá rẹ̀ a máa bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá òótọ́ ni.

Títílọpẹ́ ro ọ̀rọ̀ ọmọ náà dáadáa kó tó mọ ohun tó máa ṣe. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Adébùsóyè, tó rí ilé ńlá yẹn, tó rí ọwọ́ tó ń hun aṣọ, tó sì bi ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá ti bi òun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣé òun kò bá ti gbà? Kò mọ̀. Wọ́n ti gba ìdáhùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè padà rí i. Ohun tó mọ̀ ni pé òun fẹ́ ọmọ náà báyìí. Nígbà tó dá a lójú, ó gba fóònù Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí, ó pe Ìyáàfin Adébùsóyè fúnra rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Kò tún bá Fẹ̀yìntọlá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wí. Wọ́n ní òun àti ọkọ rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹ́lífíà láti gba ọmọ tọ́ lọ́nà tó yẹ, wọ́n ṣì ń dúró.

Oǹdó ni Títílọpẹ́ bí sí, ọmọ obìnrin, ó ké kí wọ́n tó nù ún. Nọ́ọ̀sì Mary wá láti Ìta-Ògbólú wá wò ó. Tíṣà sọ ọmọ ní Fìyìnfólúwa. Àwọn wẹ́lífíà rí Ọlábọ̀dé ní Ìkàrẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bá a wá bẹ̀bẹ̀. Ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe fún ọmọ, Títílọpẹ́ sì ń jẹ́ kó ṣe é, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ ọmọ ni Àǹtí Fẹ̀yìntọlá wá. Ó ti rù. Tíṣà rí i lójúde, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé omi fún un, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Àǹtí mu omi náà. Ó sọ pé oorun kò kùn òun mọ́, pé ilé ti ṣófo, pé òun ò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Títílọpẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbà á gbọ́ pàápàá. Ọwọ́ tó tọ́jú òun kì í ṣe ọwọ́ ìkà, ibi tó ti ń dùn ún jù nìyẹn, nítorí bó bá jẹ́ ìkà ni, ì bá rọrùn láti gbàgbé rẹ̀.

Àǹtí wá na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ tó wà láyà Títílọpẹ́.

"Gbé e fún mi, kí n wo ojú rẹ̀."

"Ó ń sùn, mà," ni Títílọpẹ́ wí.

Ojú ọmọ là kedere, Àǹtí ló sì ń wò. Àǹtí rí i. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé wọn lé itan, lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní ilẹ̀ ń ṣú, òun fẹ́ bá ọkọ̀ Àkúrẹ́.